Àgbo Inú Yín Rú Mi Lójú

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlọrin níbí, mo sì kí Bàámi. Kí Rúùtù àbúrò mi rọra ka lẹ́tà yìí fún yín, kó má fo ibì kankan. Mo fi í sínú ìwé ìròyìn kí àwọn ìyá mìíràn tó ń se àgbo lè bá mi dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju agbára mi lọ.

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti bẹ́, eruku sì kún yàrá mi ní Adéwọlé. Kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ Ìgbómìnà. Bí mo bá la ẹnu, ẹ̀rín ni àwọn ará ilé ń fi mí rín. Owó oṣù wa kò tíì jáde, ẹ forí jì mí.

Ẹ rántí pé àgbo inú yín ni mo gbé wá fún ọ̀gá mi, dókítà tó ń ṣèwádìí lórí àwọn tí inú ń run, tí wọ́n yẹ̀ wò títí tí wọn ò rí egbò kankan. Èmi ni mo fọ́nnu pé kò sí irú rẹ̀. A kọ́kọ́ so ìfun ehoro rọ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ṣì ń súnkì bí ìfun ẹni tí inú ń run. Efinrin nìkan mú un rọ díẹ̀. Èèrù nìkan, ṣe ló ń fò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a da efinrin, èèrù àti atalẹ̀ pọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ọ̀gá ní kí n fara balẹ̀, pé ìfun ehoro kì í bá ọkọ jà, ká wo ti èèyàn ná.

La bá wá àwọn aláìsàn. A fún àwọn kan ní àgbo, a fún àwọn tó kù ní omi tí a fi ṣúgà sísun pa láwọ̀ dà kó lè jọ àgbo. A ti sọ fún wọn ṣáájú pé ó lè jẹ́ èyíkéyìí, wọ́n sì gbà. Ọ̀gá nìkan ló mọ ìgò tó jẹ́ èwo. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ bí inú wọn ṣe rí sílẹ̀.

Màámi, àwọn tó mu àgbo ní ara àwọn ti yá. Àwọn tó mu omi náà ní ara àwọn ti yá! Àláájà kan tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà-Ọba, tí kì í lè jẹun tán láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Kánò, ní wálàí, òun ò rí irú oògùn yìí rí, kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó sè é. Nígbà tí ọ̀gá wá sọ ìgò tó jẹ́ èwo fún mi, omi ṣúgà ni Àláájà mu.

Ọ̀gá ní àgbo yín kò ju omi lọ nìyẹn, pé lọ́jọ́ Ajé òun máa yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ wa. Orí mi dàrú. Ṣé ehoro ló purọ́ ni, àbí èèyàn? Mo sunkún, n kò ní tàn yín.

Àná ni mo tún ìwé àwọn aláìsàn yẹ̀ wò. Ìlà mẹ́ta ni ọ̀gá ní kí n kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi kọ ojú ewé mẹ́ta-mẹ́ta. Mo bi Àláájà ní ohun tó jẹ, ohun tó ń rò, ẹni tó bí i nínú, mo sì jókòó gbọ́ ọ títí ó fi sọ tán, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ìkòkò tó hó. Ẹ kì í bu àgbo fún ẹni tí kò tíì sọ tinú rẹ̀. Èmi rò pé bí wọ́n ṣe ń béèrè inú rírun lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn. Àtẹni tó mu àgbo àtẹni tó mu omi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún gbogbo wọn. Ṣé mo ba iṣẹ́ jẹ́ ni? Mo máa sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé, bó tilẹ̀ lè lé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ẹnì kan ti wá bá yín rí lọ́jọ́ tí àgbo tán, tó sọ tinú rẹ̀, tó lọ láìmu nǹkan kan, tí ara rẹ̀ sì yá?

Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé. Inú ti ń run èmi náà láti ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mo jẹ.

Èmi ni ọmọ yín,
Dúpẹ́