Ilé Orin Tí Wọ́n Ti Ń Pa Iná

Ìjù-Odò,
Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Ìkórè.

Mobọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, ó dúró tì mí báyìí, ó ń wo bírò bí ẹni pé ó lè kàwé. Ọlọ́run tó gbé ọ dé Èkó yóò máa ṣọ́ ìjókòó àti ìdìde rẹ, pàápàá ìjókòó, nítorí ọ̀rọ̀ ìjókòó yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Gbogbo ilé wà. Òjò jò wọ ilé ìdáná, ó ba púpurú ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ tò sórí àjà, àmọ́ a rí díẹ̀ kó pamọ́ fún ọ, ewúrẹ́ dúdú yẹn sì ti bímọ, iná ìjọba ni kò tíì dé láti ìgbà tí o ti lọ.

Súnkànmí awakọ̀ gbé lẹ́tà rẹ dé, pẹ̀lú fọ́tò àti ìdajì ìwé ìwọlé tí o ní kí a fi ṣe ìrántí. O ní o ti di ẹni tí í lọ gbọ́ orin ní ilé tíátà àtijọ́ kan láàárín Èkó ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀. Mo kà á dé ìdajì, mo tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Mobọ́lá, n kò ní purọ́ fún ọ.

O ní bí èrò bá ti wọlé tán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á pa iná. Àwa níbí ń gbàdúrà kí iná dé, ẹ̀yin ní iná, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa á. O ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, àti pé ọkùnrin kan tí inú rẹ̀ dùn pàtẹ́wọ́ kí àsìkò tó tó, gbogbo ènìyàn yíjú sí i bí ẹni pé ó jalè. Mo wo fọ́tò náà. Gbogbo àwọn eléré wọ aṣọ dúdú, ọ̀gá wọn kọ ẹ̀yìn sí èrò, ó di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú, gbogbo wọn sì tẹjú mọ́ ọ̀pá náà. Lọ́dọ̀ wa, bí onílù bá lù tí akọrin sì kọrin, tí a kò rí ẹni jó, tí a kò rí ẹni náwó fún wọn, ìwọ náà mọ̀ pé òkú ọ̀fọ̀ ló wà nílẹ̀. Ta ló kú fún yín tí ẹ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀?

Tíṣà Adédọ̀tun, ará Ìjẹ̀bú tó ń gbé yàrá iwájú wa, ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé ọ̀pá yẹn ni ọ̀gá fi ń sọ ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Mo bi í pé ṣé àgbàlagbà tó ti kọ́ṣẹ́ yege kò mọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ló lè rẹ́rìn-ín.

Ìwé ìwọlé yẹn ló tún bà mí lẹ́rù jù. O ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ya á sí méjì, wọ́n mú apá kan, wọ́n fún ọ ní apá kejì. Kò sí orúkọ rẹ níbẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n kọ. Èmi kì í ṣe abọ̀rìṣà, o mọ̀, ṣùgbọ́n nílẹ̀ Ìkálẹ̀ níbí, ẹni tó bá lọ búra níwájú Ayélála mọ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ìwọ, kí ni o sọ kí wọ́n tó ya á? Ta ló ń tọ́jú apá tí wọ́n mú? Ìyá rẹ ti fi èyí tó wà lọ́wọ́ wa sínú Bíbélì, ó sì gbé òkúta lé Bíbélì náà.

Ohun tó dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ibi tí o kọ ọ́ sí pé obìnrin kan ń fa okùn ohun èlò orin rẹ̀, tí omi ń bọ́ lójú rẹ, tí o kò mọ ohun tó ń pa ọ́ lẹ́kún, ibẹ̀ ni mo ti ká lẹ́tà náà pọ̀. Ìwọ tí o kò sunkún lọ́jọ́ tí a fi ọ́ sínú ọkọ̀ Èkó!

Mo sọ ọ́ ní ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Kí n tó jókòó, wọ́n ti kéde ààwẹ̀. Pásítọ̀ ní òun yóò kó àwọn ajagun àdúrà sínú bọ́ọ̀sì, wọn yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tíátà náà pẹ̀lú agogo, wọn yóò máa pariwo títí àwọn onítíátà yóò fi tú ọ sílẹ̀. Dora, ìyá ìjọ, ti ń fọ aṣọ funfun. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá wo ẹni tó pàtẹ́wọ́ bí olè, kí ni wọn yóò fi ojú ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ kó bọ́ọ̀sì èrò dé rí? Mo dọ̀bálẹ̀ fún pásítọ̀ tí mo lè bí lọ́mọ, mo ní kó jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ lọ. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí mo bá pẹ́, àwọn yóò tẹ̀ lé mi.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ rán Súnkànmí sí mi kíákíá, kí o sì bá mi ra ìjókòó kan. Má rà á sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo fẹ́. N ó jẹ atalẹ̀ kí n tó wọlé kí ikọ́ mi má baà bí ẹnikẹ́ni nínú. Kí wọ́n ya ìwé tèmi náà. Bí wọ́n bá ní ọmọ yìí kò lè jáde mọ́, a jẹ́ pé àwa méjèèjì ni wọn yóò máa bọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Ayé kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Bí wọ́n bá sì ti pa iná, na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ tí o bá bà tí àdá ti sọ di líle, tèmi nìyẹn, dì í mú. Bí ẹkún yẹn bá tún dé, sun ún tẹ́rùn, kò sẹ́ni tí yóò rí ọ bí kò ṣe èmi,

bàbá rẹ,
Akínsànyà.