Ẹ Má Gé Igi Àgbáyun Màmá

Èmi, akọ̀wé ìjọ kan ní Arákalẹ̀, Àkúrẹ́, ni mo kọ lẹ́tà yìí. Akíntádé, olùtọ́jú òdòdó, ló ń sọ ọ́. Kò mọ̀wé, ó sì ní kí n má ṣe tún ọ̀rọ̀ òun ṣe. Ó fẹ́ kí wọ́n kà á sókè lójú gbogbo ẹbí.

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti gbogbo ará Bọ́lọ́rundúró. Ẹ kú òjò.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán. Ẹ ní ewé igi àgbáyun tí màmá mi gbìn sẹ́yìnkùlé ti wú, ẹ ó sì gé e ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó má baà ran kòkó. Bàbá, ẹ má gé e.

Irú rẹ̀ ṣe òdòdó ọ̀gá mi níbí. Ewé wú, ó nípọn bí etí ọmọ tuntun, ó wá hu funfun bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́. Mo já a, mo kó o jọ sídìí igi, bí ẹ ṣe kọ́ mi láti máa kó èèpo kòkó kó lè di ilẹ̀dú. Àṣìṣe àgbẹ̀ nìyẹn. Òjò rọ̀, àrùn padà, ó ju tàkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá ní kí n hú gbogbo rẹ̀ tàbí kí n kó ẹrù mi.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ lé mi tí ẹ bá fẹ́. Mi ò ní hú ohun tí kò tíì kú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní olórí kunkun ni bàbá tó bí mi. Mo ní ó jọ pé ó mọ̀ yín.

Láàárọ̀ láàárọ̀ ni mo ń já ewé tó bá wú kó tó funfun, mo ń lọ sun ún níbi tó jìnnà sí igi. Ewé tuntun ti yọ, ara rẹ̀ ń dán. Igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò kó àrùn náà rárá. Iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Yàrá mi dá páropáro níbí, Bàbá, màmá ni mo sì máa ń rántí. Nígbà àìsàn tó gbẹ̀yìn màmá, tí àgbo olómi-ògì bá kan jù, àgbáyun tó ń sọ kíkan di dídùn lẹ́nu ló ń kọ́kọ́ jẹ kó tó lè mu ún. Ẹ̀yin náà lẹ ń já a fún un.

Mo ti tọrọ ààyè. Ọjọ́ Jímọ̀ ni n ó dé. Tí ẹ bá mú àdá ní Sátidé, ìdí igi lẹ ó ti bá mi.

Kí Ọlọ́run fún yín lẹ́mìí gígùn tí ẹ ó fi máa bá mi jà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni, ọmọ yín,
Akíntádé (ó tẹ àtàǹpàkò).

Ẹlẹ́rìí: Músá aṣọ́nà àti Ìyá Bísí alásè.