Ẹ̀wà Inú Àgbá Kò Dín

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án
Òjò ọjọ́ kẹfà rèé. Awakọ̀ tó gbé aṣọ wá fún mi láti rán ní afárá kan ṣoṣo tí oúnjẹ ń gbà wọ̀lú ti ń mì. Mo sọ fún àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n ra oúnjẹ pamọ́, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nígbà tí afárá yìí wó lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, omi iyọ̀ la ń mu sùn. Mo búra pé kò tún ní ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Èmi àti Màmá to yàrá ẹ̀yìn. Àgbá ẹ̀wà kan, igba ife géérégé — ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n. Àpò àgbàdo gbígbẹ kan. Ẹja gbígbẹ, a so ó rọ̀ sókè nítorí eku. Iyọ̀. Ìgò oyin mẹ́rin. Màmá ló mọ bí nǹkan ṣe ń pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n to ata gbígbẹ sáàárín ẹ̀wà, wọ́n ní kòkòrò tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ á kọ́kọ́ sín ná. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ! Mo fàlà sára igi gígùn kan, ìlà kan fún ife mẹ́wàá, kí n lè máa tì í bọ àgbá kí n rí ohun tó kù. Aránṣọ ni mí. Bí n kò bá wọn nǹkan, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Afárá wó láàárọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Kò-sí-Wàhálà dé. Àbúrò mi ọkùnrin ni, orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn. Odò ti wọ ilé wọn. Òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wọn méjì, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tó ń jo omi tí wọ́n rù sórí. Oúnjẹ ńkọ́? Iyọ̀ lásán wọn ò mú dání. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kìlọ̀ fún un, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí wàhálà."

Ẹnu méjì di mẹ́fà. Mo gbà wọ́n, ṣé mo lè lé wọn ni? Ṣùgbọ́n inú bí mi. Ìyàwó jẹun tán, ó fi abọ́ sílẹ̀, ó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo dúró sí kíṣìnnì, mo sọ ọ́ sókè kó lè gbọ́: ife ẹ̀wà kan fún ẹnu kan lójúmọ́, àti pé ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí, ẹrù ni lórí oúnjẹ wa. Màmá wà nídìí iná, wọ́n ń ro ìkòkò. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní kí n gbájú mọ́ ẹ̀rọ mi, àwọn á máa se oúnjẹ. Ara tù mí. Mo ní láràárọ̀ kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ mi, kí wọ́n bu ife mẹ́fà, kí wọ́n dá a padà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Òjò. Màmá ń bù fún gbogbo wa. Wọ́n ní àwọn ti jẹ tàwọn ní kíṣìnnì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Mo ti igi bọ àgbá. Ẹ̀wà ga ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Àbí mo ṣi ìlà fà ni? Èmi?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Bùbá Màmá ń yọ̀ léjìká. Mo ní bí gbogbo èyí bá parí, màá bá wọn fún un wọlé. Wọ́n ní aṣọ ló gbó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún
Ìyàwó ní kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́, pé òun fẹ́ bá Màmá se oúnjẹ. Mo kọ̀. Kí ló ń wá nínú yàrá yẹn? Ó wò mí, ó wo Màmá ní kíṣìnnì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́


Igi ní ẹ̀wà kò dín tó. Ọkàn mi lọ síbì kan náà: ẹnì kan ti jí ẹ̀wà, ó kó òkúta sísàlẹ̀ kó lè ga. Mo pe Ìyàwó síta, níwájú ọkọ rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo pè é ní olè. Mo da gbogbo àgbá sórí ẹní.

Òkúta kankan kò sí. Ẹ̀wà àti ata gbígbẹ nìkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ mọ́kànlá la ti jẹ, ó yẹ kó ku mẹ́rìnléláàádóje. Márùndínláàádọ́jọ ni mo bá. Ife mọ́kànlá ló lé!

Ìyàwó kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí, láti ìgbà tí a ti dé, ṣé ẹ ti rí Màmá kí wọ́n fi oúnjẹ sẹ́nu?"

Mo sáré wọ kíṣìnnì. Omi gbígbóná ni wọ́n ń mu, wọ́n fi ìka ha èépá ìdí ìkòkò sí i. Wọ́n ní, "Ìwọ lo sọ pé ẹrù lẹni tí kò lè ṣiṣẹ́. Mi ò bínú o. Òótọ́ ni. Èmi ti jẹ tèmi láyé, àwọn ọmọ yìí ló ń dàgbà."

Mo kígbe pé Ìyàwó ni mo ń bá wí! Ìyàwó sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹyin lohùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún
Màmá gbé ṣíbí ẹ̀wà mẹ́ta mì, wọ́n bì í. Wọ́n dìde, ojú wọn ṣú, wọ́n ṣubú. Àbúrò mi pọ̀n wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá ilé ìwé. Mo ń sáré tẹ̀ lé e, mo rí ẹsẹ̀ wọn tó ń mì. Ó tín-ín-rín. Ìgbà wo ló di bẹ́ẹ̀? Ojú wo ni mo fi ń wo ìyá mi?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún
Àwọn nọ́ọ̀sì fa omi sí Màmá lára. Ìyàwó ló sùn tì wọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò burú. Ó burú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún
Nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú fáìlì. Ó ní Màmá máa yè é, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ la ó máa fún wọn lóúnjẹ. Ó ní ebi ni. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ti ń jẹ láti ọ̀sẹ̀ méjì yìí wá.

Kí n tó lanu, Màmá ti gbórí sókè. Ohùn wọn kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ọmọ mi ń tọ́jú mi dáadáa. Ó ń bu oúnjẹ fún mi lójoojúmọ́. Ẹnu tèmi ni kò gbà á."

Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà?"

Màmá ń wò mí. Wọ́n mi orí díẹ̀ pé kí n gbà, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àlejò bá bi mí ní ìbéèrè tó le.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.