Àwo Tí Wọ́n Fi Mu Wàrà Nínú Sinimá Yín

Rawya ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún tó kọjá, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìlú ńlá. Bí ìwé yìí ṣe ń wọlé tọ̀ ọ́, kí àlàáfíà bá a wọlé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí eruku Káírò bò ọ́ lójú débi tí o ò ní í rí ọ̀nà ilé mọ́. Ara baba rẹ le, ó ti padà sóko ìrèké. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Àbúrò rẹ Mahjub ti hu eyín méjì nísàlẹ̀, ó gé mi jẹ lánàá, mo pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà rẹ náà ń bẹ láàyè, ṣùgbọ́n òun gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ ìwé yìí.

Fikri tó ń wa bọ́ọ̀sì ni mo fi ìwé yìí rán sí ọ, torí lẹ́yìn ọjọ́ kejì ọdún, gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, obìnrin kan ló ń dáhùn pé ẹni tí mo ń pè kò sí nítòsí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, ìwé tí mo kà tó mi í mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà rẹ ò gbà. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kí obìnrin náà, ó béèrè ọkọ, ó béèrè ọmọ, ó wá ní kó jọ̀ọ́ bá òun sọ fún Rawya pé kó gbé àwo òun wálé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti rán an. Ó ní ọmọ náà ò lẹ́kọ̀ọ́, a kí i, kò jẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi. Nígbà tí o fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé, tí o ní iléeṣẹ́ tí o ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ fi ìtàn ìyá àgbà rẹ ṣe sinimá ọdún, mo kà á láti òkè délẹ̀. Mo rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé oní-ìtàn ti yọ̀ǹda ìtàn rẹ̀ títí láé, kò ní í gbà á padà, fún gbogbo ènìyàn ní gbogbo ilẹ̀. Orí mi wú. Mo ní irú iléeṣẹ́ wo lèyí tó ń fi ọ̀rọ̀ sàárà kọ fọ́ọ̀mù! Torí bí wọ́n ṣe ń yọ̀ǹda kànga ẹ̀bá ọ̀nà nìyẹn, tí gbogbo ẹni tó bá mu níbẹ̀ á máa ṣàdúà fún òkú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi. Mo ní gbogbo ẹni tó bá wo sinimá yìí ló máa ṣàdúà fún ọmọ rẹ̀ tó kú. Ó bi mí pé ṣé gbogbo Íjíbítì. Mo ní gbogbo Íjíbítì. Ló bá na àtàǹpàkò sí mi, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù dáadáa.

Nígbà tí àwọn eléré náà dé, wọ́n fi ọ̀dà búlúù àti yẹ́lò kun ògiri wa, a dúpẹ́. Wọ́n ní kí a wọ aṣọ àtijọ́, a wọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin kan tó gé irun mọ́lẹ̀ ní òun ń wá àwo amọ̀ tó ti pẹ́, tó ní ìtàn. Mo rò pé ibi sàréè ni wọ́n fẹ́ yà. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ni mo wọ yàrá, mo gbé àwo tí ìyá mi fi ń bu omi sórí sàréè ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á lé e lọ́wọ́. Ó ní òun á dá a padà kó tó di ọdún.

Ọdún dé, àwo ò dé. A kírun yídì tán, gbogbo ayé forí lé ibi sàréè bí a ṣe ń ṣe, kálukú gbé omi tirẹ̀ dání. Mo gbé abọ́ rọ́bà fún ìyá mi. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní ọmọ òun ò mọ abọ́ yìí. Ó ní àwo yẹn lòun rù lórí láti ilé àtijọ́, àwo náà nìkan ni kò fọ́ lọ́nà, inú rẹ̀ lòun ti wẹ ọmọ náà láàyè, inú rẹ̀ náà lòun ti wẹ̀ ẹ́ ní òkú. Bí a ṣe padà sílé nìyẹn. Látọdún tí mo ti gbọ́njú, èyí ni ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ò rí omi mu.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, a pé jọ sílé Shawqi, ẹni tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ gba ògiri tán. Gúgúrú wà nílẹ̀, dàbínù wà nílẹ̀, wọ́n fi ìyá mi jókòó síwájú bí ìyàwó. Sinimá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe ọmọge kan ní Dahiba, orúkọ ìyá mi gan-an. Ẹnjinníà kan wá láti Káírò, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń kọ nọ́mbà sára ilẹ̀kùn gbogbo ilé, ó dé ti Dahiba, ó ya òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́mbà. Ọmọge rẹ́rìn-ín. Sakina aládùúgbò wa ní háà, Dahiba, o fẹ́ ẹnjinníà rí, o ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni! Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá bi mí pé ṣé wọn ò tíì bí i ni. Kí n tó dáhùn, Sakina ní kó ní sùúrù, pé wọn ò tíì ṣègbéyàwó, àbí ó fẹ́ kí ọmọge náà bímọ sílé bàbá rẹ̀ ni.

Rawya, ìwọ lo gbọ́ ìtàn yìí lórí itan ìyá àgbà rẹ. Jẹ́ kí n tún un sọ, torí ó jọ pé o ti gbàgbé. Nígbà tí ìjọba dí odò Náílì, tí omi ń bọ̀ wá bo ilé wa, ìyá mi ti lọ́kọ, ó sì ti bí ẹ̀gbọ́n mi, Mahjub tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ àbúrò rẹ. Kò rí ojú ẹnjinníà kankan, ẹ̀yìn ẹni tó ń kọ nọ́mbà ló rí, àti ọ̀dà tó ń kán sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó kó wọn, wọ́n há mọ́ra nínú rẹ̀, àwọn ajá tí wọ́n fi sílẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé wọn létí odò, wọ́n ń gbó títí ọkọ̀ fi yà. Wọ́n kó wọn dé ibí, àwọn ilé kan ò tíì ní òrùlé, kò sí igi, oòrùn ń jó. Lójú pópó tiwa nìkan, ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n sin kí oòrùn ọdún náà tó rọlẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi.

Nínú sinimá yín, iná aláràbarà wà lára ọkọ̀. Oṣù ọdún yọ, ẹnjinníà àti ọmọge dúró lábẹ́ rẹ̀, ni wọ́n bá gbé àwo náà jáde. Mo rí ibi tó sán létí. Wọ́n da wàrà àti oyin sí i, ọkùnrin náà mu, obìnrin náà mu, wọ́n rẹ́rìn-ín síra wọn. Gúgúrú dúró lọ́wọ́ Sakina. Ìyá mi ló mú etí gèlè rẹ̀, ó fi nu ẹnu ara rẹ̀, bí ẹni pé òun ló mu ún.

Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n jó, ó parí. Ìyá mi ò dìde. Ó ní ó ṣẹ́kù. Ó ní ó jọ pé ọ̀la ni wọ́n máa bí i. Láti ọjọ́ náà, gbogbo àsárì ló ń lọ jókòó sílé Shawqi, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wò ó, ó ń retí.

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ kejì ọdún, o gbé e. O ní ọjọ́ ọdún ni, Màmá, ta ló fẹ́ sunkún lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́rùn mi bí eegun ẹja. Ọmọ ta ni ọ́? Tí a bá kírun yídì tán, ibo la máa ń lọ tààrà? Àwa la máa ń kọ́kọ́ sunkún lọ́jọ́ ọdún ká tó jẹun! Nígbà tí mo pe ọmọ onírun gígé, ó ní wọ́n ti gbé àwo náà sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ yín, pé àwọn àlejò ń bá a ya fọ́tò. O sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé lójoojúmọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Gbé àwo náà wálé fúnra rẹ. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà rẹ wà lábẹ́ Kùránì títí di òní, a ò fọwọ́ kàn án, Fikri ló ń mú un bọ̀, fi wọ ọkọ̀, bí kò bá tó, kí o fi tìrẹ kún un. Ìkejì, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá fi ọmọ náà sínú sinimá náà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni. Bí rírí ọmọ ló jẹ́ wàhálà, àbúrò rẹ wà níbí, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ó sanra díẹ̀ ju ọmọ tí oòrùn pa lọ, ṣùgbọ́n ẹ lè fi aṣọ bò ó. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n màá yá yín. Kìkì pé kí wọ́n má sọ fún un pé kó dijú. Kí wọ́n ya ohun mìíràn tó bá kan ibẹ̀.

Kí Ọlọ́run má ṣe mú ọ̀nà rẹ jìn sí wa. Kí ẹnu tí o fi ń jẹun ní Káírò má gbàgbé omi tí o mu nílé. Kí o bímọ, kí o sì máa rántí orúkọ wọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nabra.

Ìyá àgbà rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé Shawqi dé. Ó tún bi mí pé ṣé wọn ò tíì bí i. Mo ní obìnrin náà ń rọbí lọ́wọ́, pé kò ní í pẹ́ mọ́. Ó ní kí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Rawya, má jẹ́ kí irọ́ yìí pẹ́ lẹ́nu mi.