Ìrántí Mi Kò Kún, Fóònù Rẹ Ló Kún

Abúlé Ọ̀ṣunbíyìí,
Ojú ọ̀nà Ìrókò,
Akínyẹlé.

Ọlájídé ọmọ mi, Àkànbí,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé Praise ti ń jẹun bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Ara tiwa náà dá níhìn-ín, inú mi nìkan ni kò dá. Àdúrà ni mo kọ́kọ́ gbà fún ọ kí n tó mú bírò, torí mo mọ̀ pé bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ yìí tán, àdúrà lè má tètè wá sí mi lẹ́nu. Kí Olúwa ṣọ́ àtijáde rẹ, kí ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ má sọ nọ́ńbà rẹ nù, kí oúnjẹ Èkó má di àìsàn sí ọ lára. Àmín.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màámi fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gùn, bí mo bá sì sọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, yóò tún kún padà, ojú mi sì ti rí màbo kí ó tó ṣófo. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé yìí rán Sanmí awakọ̀, tó ń kó tòmátì láti Ṣáṣá wá sí Èkó. Ilé wà bó ṣe wà. Ewúrẹ́ rẹ bí akọ kan àti abo kan, ìjọ wa sì ti kan páànù tó kù. Jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ohun tó ń dùn mí.

O mọ Fárìndé, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún yìí, ó wá bá mi lóko, ó ní apá ìsàlẹ̀ tí mo gbin ẹ̀gẹ́ sí, létí odò, ilẹ̀ bàbá òun ni. Mo ní ilẹ̀ tí Ògúntìmẹ́hìn bàbá rẹ ro títí tó fi kú, ìgbà wo ló di ti bàbá ẹlòmíràn? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Baálẹ̀ ní nínú àwọn tó mọ ààlà náà, Bàbá Ìyàndá nìkan ló kù láyé, àìsàn sì ti dá bàbá dùbúlẹ̀ sọ́dọ̀ Olúwakẹ́mi ọmọ wọn ní Mọ́níyà. Ó ní kí wọ́n bá òun gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wá. Olúwakẹ́mi gbé fóònù sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu, bàbá sọ̀rọ̀, ó sì fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Ìyàndá sinmi. Ọ̀sẹ̀ tí a sin wọ́n gan-an ni olè já fóònù Olúwakẹ́mi gbà ní Ṣáṣá. Nítorí náà, kò sí ibòmíràn láyé tí ẹnu bàbá yẹn kù sí mọ́ àfi inú fóònù àlòkù tí o fún mi ní Àjíǹde.

Mo ti fi etí ara mi gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá ní láti ìdí igi ìyeyè títí dé etí odò, ti Ògúntìmẹ́hìn ni. Bó bá ti dé etí odò báyìí, fóònù á dúró, nǹkan kan bí òṣùká á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú rẹ̀, á máa yí títí màá fi yan gàrí agbada kan tán, kò ní kúrò níbẹ̀. Èmi kò bínú, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni mo ti gbọ́ yẹn.

Ọjọ́ tí baálẹ̀ dá pé. Gbogbo abúlé jókòó. Mo tú fóònù jáde nínú gèlè, mo tẹ̀ ẹ́. Fóònù ń wò mí. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó kọ òyìnbó kan jáde, Tíṣà Ẹkúndayọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, kà á, ó ní fóònù sọ pé kò sáyè nínú òun mọ́. Fárìndé rọra rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá ẹlẹ́rìí Màmá ti lọ sóko. Ọlájídé, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín, èmi tí mo ti ń ṣe ìyá ìjọ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Baálẹ̀ sún un sí ìtàdógún.

Ọjọ́ yẹn ni mo pè ọ́. O kò bi mí pé kí ni wọ́n sọ níwájú baálẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ ni pé, Màámi, mẹ́mọ̀rì yín ló ti kún. Èmi. Èmi tí mo mọ ọjọ́ tí ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hu eyín, tí mo ka Sáàmù kọkàndínlọ́gọ́fà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìwo ìwé, èmi ni ọmọ tí mo bí ń sọ fún pé ìrántí mi ti kún. O ní kí n pa gbogbo ohun tí n kò nílò mọ́ rẹ́. Mo bi ọ́ pé kí ni kí n gbàgbé, ìwọ tàbí àwọn àbúrò rẹ? O ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé fóònù ni. O wá ní kí n kìlíà káàṣì tó wà nínú rẹ̀. Mo bi ọ́ pé ṣé káàṣì wà nínú rẹ̀ ni, o ní ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ibẹ̀ ni ìpè já.

N kò lè sùn dáadáa. Láti Àjíǹde ni mo ti ń gbé káàṣì kiri nínú gèlè, tí mo ń jẹ ẹ̀bà láìsí ẹja, ọmọ mi sì mọ̀, kò sọ fún mi.

Ilẹ̀ mọ́, èmi àti Tíṣà Ẹkúndayọ̀ gba Ṣáṣá lọ, ọ̀dọ̀ Sàníù tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn. Tíṣà ní òun fẹ́ lọ ra obì. Mo gbé fóònù fún Sàníù, mo rọra sọ fún un pé kó bá mi kó káàṣì inú rẹ̀ jáde, kò gbọdọ̀ kà á lójú ọjà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní káàṣì yìí mà pọ̀ o, Màmá, ó lé ní gígì kan. N kò mọ iye tí gígì ń jẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe la ojú, mo mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré. Ó tẹ ibì kan, ó ní ó ti lọ. Mo na ọwọ́. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbà. Mo ní káàṣì mi. Ó ní òun ti kìlíà rẹ̀. Mo ní o kìlíà rẹ̀ sí àpò ta ni?

Ọlájídé, mo di í ní ọrùn ẹ̀wù. Ẹ̀wù náà kò lágbára, ó ya dé àyà. Àwọn aláta fi ata sílẹ̀, wọ́n yí wa ká. Mo ní kí wọ́n bá mi bi í, gígì kan gbáko, ojú mi ló ṣe gbé e. Sàníù ń búra pé òun kò mú kọ́bọ̀, bàbá Gàm̀bàrí kan tó ń ta àlùbọ́sà ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe sùúrù, bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà sáré dé tòun ti obì lẹ́nu. Òun ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó ní káàṣì inú fóònù kì í ṣe owó, pé ó dà bí èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí agbada bí a bá yan gàrí tán, díẹ̀ rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, agbada kò ní tètè gbóná mọ́. Mo bi í pé bó bá jẹ́ èérí ni, kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ owó? Ó ní àwọn òyìnbó ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi sí àwọn náà.

Mo tu Sàníù sílẹ̀. Ó ṣe ọmọlúàbí, kò bú mi. Ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó ní ohun tó yá jù ni kí òun fọ fóònù náà nù pátápátá, yóò sì dà bíi tuntun. Mo bi í pé Bàbá Ìyàndá ńkọ́? Ó ní bàbá á bá a lọ. Mo já fóònù gbà, mo tì í sínú gèlè. Mo sọ fún un pé a ti sin Bàbá Ìyàndá lẹ́ẹ̀kan, n kò ní wá sin wọ́n lẹ́ẹ̀kejì ní Ṣáṣá.

Bí a ṣe jókòó nìyẹn tí a ń pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ tó jáde ni àwòrán àdúrà òwúrọ̀ tí Arábìnrin Mojí ìjọ wa máa ń fi ránṣẹ́, òdòdó pẹ̀lú àdàbà, ọ̀kan náà ló ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rù bà mí láti pa àdúrà rẹ́. Tíṣà ní Ọlọ́run ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ kìíní. Ẹrù tìrẹ ló wá tẹ̀lé e. Ọlájídé, bọ́ọ̀lù tí àwọn èèyàn ń gbá, fídíò irínwó. Àwòrán ìrẹsì. Àwòrán ẹran sísun. Oúnjẹ tí Ọlọ́run fún ọ, dípò kí o gbàdúrà sí i kí o jẹ ẹ́, o ń ya á ní fọ́tò. Sàníù sì rí ibì kan tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́, ó yọ ọ́ kúrò, èmi àti ìwọ yóò jókòó sọ ìyẹn lójúkojú. Ṣé o wá rí i? O kó kúrò nínú yàrá, o fi gbogbo ẹrù rẹ sílẹ̀ níbẹ̀, o fún mi ní kọ́kọ́rọ́, o wá ń sọ pé èmi ni mo jẹ́ kí ilé há.

Nígbà tí a ṣe tán, fóònù di ẹṣin. Kí n tó gbé ìka kúrò, ó ti ṣí. Sàníù ní kí a gbọ́ fídíò náà wò, mo kọ̀, mo ní ọ̀rọ̀ baálẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ lọ́jà.

Ìtàdógún pé, gbogbo wa tún jókòó. Mo tẹ fóònù, ohùn Bàbá Ìyàndá jáde gbangba. Ó ti igi ìyeyè, ó dé etí odò, ó ní ti Ògúntìmẹ́hìn ni. Mo wo ojú Fárìndé. Mo na ọwọ́ láti gbé fóònù mi. Àṣé fóònù kò ní dúró. Òṣùká kò yí. Bàbá wúkọ́, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Wọ́n ní ṣùgbọ́n lọ́dún tí èéyi mú àwọn ọmọdé, ẹsẹ̀ Ògúntìmẹ́hìn wú, kò lè rìn, ìyàwó rẹ̀ sì lọ sìnkú ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Ọmọ wọn Ọlájídé ń kú lọ. Bàbá Fárìndé ló gbé e sórí kẹ̀kẹ́, tó wà á nínú òjò dé ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn, ó dúró tì í ní ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí ọmọ dìde, Ògúntìmẹ́hìn pe òun Ìyàndá ṣe ẹlẹ́rìí, ó fi apá ìsàlẹ̀ yẹn ta á lọ́rẹ. Ọkùnrin náà gbà á, ó sì ní kí Ògúntìmẹ́hìn ṣì máa dáko níbẹ̀, ilẹ̀ tí òun ní ti tó òun. Ògúntìmẹ́hìn wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ ọ́ létí ìyàwó òun títí òun yóò fi rí bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún un. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní kò rí i títí tó fi kú. Ibẹ̀ ni fídíò parí sí.

Inú bí mi sí fóònù yẹn. Láti Àjíǹde tó ti ń wọ́ bí ìgbín, ọjọ́ yẹn ló yàn láti yára. Inú bí mi sí bàbá rẹ nínú ibojì tó wà. Baálẹ̀ bi mí bóyá mo ní ọ̀rọ̀. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé ẹni tó wà lórí àìsàn máa ń sọ oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n mo rí i lójú mi bí mo ṣe ti Ìṣẹ́yìn dé tí mo bá ọ níwájú ilé, o ru, ojú àpá omi tí wọ́n fà sí ọ lára wà lọ́wọ́ rẹ, o ń jẹ àkàrà. Mo gbé adìyẹ kan àti iṣu mẹ́fà fún bàbá Fárìndé nígbà yẹn, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo dìde dúró, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo rò pé Fárìndé yóò jó ni. Kò jó. Ó ní bàbá òun sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ fún òun rí. Ó ní kí n wa ẹ̀gẹ́ mi, kí n sì tún gbin tọdún tó ń bọ̀ bó bá wù mí. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú. Ẹni tí èèyàn ti múra láti bá jà, tó wá ń ṣe dáadáa, báwo ni kí èèyàn ti ṣe é? Mo ní màá wa ẹ̀gẹ́ mi, n kò ní gbin òmíràn. Tíṣà ní ẹjọ́ ti parí, kí n pa fídíò náà rẹ́ kí fóònù lè máa yára. N kò pa á rẹ́. Kò sí ibòmíràn tí mo ti lè gbọ́ ọ pé bàbá rẹ ń wá bí òun yóò ṣe sọ nǹkan fún mi.

Wàyí o, fi owó ránṣẹ́ nípasẹ̀ Sanmí, káàṣì gidi ni mo ń wí. Èèyàn mẹ́rin ni yóò bá mi wa ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ méjì kí ilẹ̀ tó gbẹ, mo nílò àpò ogún, wàá sì ra ẹ̀wù fún Sàníù, aláwọ̀ búlúù, kì í ṣe àlòkù. Bí o bá ti fi èyí ránṣẹ́ tán, tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kí o wálé. Wàá lọ sílé Fárìndé, wàá dọ̀bálẹ̀ fún un, kí ó rí ẹni tí bàbá rẹ̀ gbé. Má fi fóònù kí i.

Ẹni tó gbé ọ la òjò kọjá, ìran rẹ̀ kò ní rí òfò. Ìwọ náà, nígbà tí wọ́n bá nílò ẹsẹ̀ rẹ, kò ní wú. Praise kò ní ṣe àìsàn tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò ní sí nítòsí. Kí Olúwa jẹ́ kí n rí ọ kí oṣù yìí tó parí.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ń bí,
Motúnráyọ̀ Ògúntìmẹ́hìn.