Apá Òsì Tèmi, Apá Ọ̀tún Ti Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú ìdúró nínú ìlú ńlá tí gbogbo ènìyàn ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn dáadáa? Ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ti dín ariwo kù? Ẹni tó dá ọ kò ní gbàgbé rẹ, ibi tó bá ti ń rẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ, okun tuntun ni wàá máa rí níbẹ̀. Bí o bá ti ṣe àmín, wá àga jókòó, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé yìí, ayọ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Dókítà kọ̀wé sí mi. Dókítà gan-an ni mo wí o, èyí tó ni ilé ìwòsàn ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Orí fóònù tí o rà fún mi ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn, nítorí ìgbà òtútù ti ń bọ̀, àwọn àgbàlagbà bíi tèmi sì ṣe pàtàkì sí àwọn. Ṣé o gbọ́ ìyẹn? Mo ṣe pàtàkì sí wọn! Mo mú fóònù lọ fi han bàbá oníbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tèmi, ó ní irú rẹ̀ ti wọlé sórí fóònù tòun náà. Mo bi í pé ìgbà wo ló wọlé, ó ní lọ́sàn-án. Tèmi dé láàárọ̀. Mi ò bá a jiyàn mọ́, mo rọra padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kọ ọ́ pé kí n má fèsì. Mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kó mi sí wàhálà ni, àmọ́ ṣé èmi ni ènìyàn ńlá yóò kọ̀wé sí tí n ò ní dá a lóhùn, bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé? Mo fèsì. Mo kí wọn, mo kí ìyàwó wọn àtàwọn ọmọ, mo sì sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tí wọ́n máa ń wọ̀ yẹn ń fẹ́ àtúnṣe. Látìgbà náà, àràárọ̀ ni mo ń kí wọn. Wọn ò tíì dáhùn, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ìyá rẹ nìkan ni wàhálà tó wà ńbẹ̀. Ìwọ náà mọ àyà rẹ̀. Nígbà òtútù tó kọjá tí ọ̀fìnkìn dè é mọ́lẹ̀, ìwọ náà wá, o rí i bó ṣe ń wúkọ́ tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, tó jẹ́ pé orí àga ló ń sùn, tí mo ń di èjìká rẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mo ti rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Dókítà ní kí òun náà wá gba abẹ́rẹ́, ìyá rẹ ní kò sí ẹni tó máa gún òun. Obìnrin tó ti ń bá télọ̀ gbé láti ìgbà èwe, tó ń tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ nínú pálọ̀ ara rẹ̀! Ó ní tèmi aṣọ ló ń gún, tiwọn ènìyàn ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí mo bá tún dárúkọ abẹ́rẹ́ nínú ilé náà, kí n máa dá oúnjẹ ara mi sè. O ṣáà mọ̀ ọ́n, tó bá ti fọwọ́ lé ìbàdí, ẹjọ́ ti tán.

Mo wá jókòó, mo ronú bí olórí ilé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìyá rẹ ń lò, ta ló ń lọ gbà á? Èmi ni. Màá dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń fúnni ní oògùn, màá ní ti ìyàwó mi ni mo wá gbà, wọ́n á kó o lé mi lọ́wọ́, màá fọwọ́ síwèé, màá máa lọ. Wọn ò bi mí rí pé òun fúnra rẹ̀ dà. Bí mo bá wá lè gba oògùn rẹ̀, kí ló dé tí n ò lè gba abẹ́rẹ́ rẹ̀? Ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ṣebí wọ́n ní a ti di ara kan.

Bí mo ṣe wọ ẹ̀wù búlúù tí mo fọwọ́ ara mi rán nìyẹn, ó di ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ tó ń béèrè ọjọ́ ìbí ènìyàn. Mo kí i, mo tẹ tèmi, ó ní òun ti mọ̀ pé mo dé, kí n jókòó. Mo tẹ ti ìyá rẹ, ó ní òun ti mọ̀ pé ìyá rẹ náà dé! Ìyá rẹ tó wà nílé tó ń ká aṣọ. Mo ní háà, ẹ̀rọ náà gbà pẹ̀lú mi.

Nọ́ọ̀sì tó pè mí wọlé kò ju àbúrò rẹ lọ, ọmọ tó mọ̀wàhù. Mo ká ọwọ́ ẹ̀wù mi méjèèjì sókè, mo ní apá òsì tèmi nìyí, apá ọ̀tún ti ìyàwó mi. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà ni. Mo yẹ abẹ́rẹ́ rẹ̀ wò, ó tín-ín-rín, ó ń dán, àmọ́ kò ní ojú tí wọ́n ń ti òwú bọ̀. Kí n tó mí, ó ti gún mi tán, ó ti lẹ pílásítà mọ́ ọn. Mo na apá ọ̀tún. Ó ní Bàbá, ó ti tán. Mo ní kò tíì tán, ti ìyá ilé ló kù. Ẹ̀rín pa á, àfìgbà tó wo ojú mi tó rí i pé mi ò ṣeré. Ó wá fa àga, ó rọra ṣàlàyé fún mi pé ara ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ náà nìkan ló ń kọ́ bí yóò ṣe bá àrùn jà, pé bí mo bá tiẹ̀ gba mẹ́wàá, kò lè kan ìyá rẹ. Inú bí mi. Mo ní oògùn tí mo ń gbà fún un ńkọ́? Ó ní èmi ń gbé e délé ni, òun ló ń gbé e mì. Kí n má purọ́ fún ọ, omijé bọ́ lójú bàbá rẹ. Mo ní kó ṣáà gún mi níbẹ̀, bóyá díẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, kò gún mi.

Ibi tá a wà nìyẹn tí ìyá rẹ já wọlé. Àṣé látìgbà tí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ti ní ó ti dé, ni wọ́n ti ń pè é ní gbọ̀ngàn tí kò dáhùn, tí akọ̀wé iwájú wá tẹ̀ ẹ́ láago sílé pé Màmá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo lẹ wà, ẹ̀rù yín ti ń bà wá. Sálúbàtà ilé ló wọ̀ wá. Ó ní ta ló kó òun wá síbi tí òun ò sí! Ó ti fọwọ́ lé ìbàdí. Nọ́ọ̀sì ní kó má bínú, ó ní Màmá, nítorí yín ni Bàbá ṣe ní kí n gún àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá rẹ wo apá ọ̀tún mi tó ṣì wà níta, ó wò ó títí. Ó ní ṣé ara mi ni mo fẹ́ kí wọ́n máa gún bí aṣọ nítorí òun. Ó tì mí kúrò lórí àga, ó jókòó síbẹ̀, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní kí n dúró síwájú òun, kí n má mira, ojú mi ni òun máa wò. Ojú mi ló ń wò tí wọ́n fi gún un. Kò ṣẹ́jú. Ó ní ṣé èyí náà ni gbogbo ariwo yín?

Ọmọ mi, ìgbéraga mi lọ́jọ́ náà, inú ẹ̀wù búlúù yẹn ò gbà á. Mo di ọwọ́ ìyá rẹ mú gba àárín gbogbo àwọn tó jókòó, bàbá oníbàtà wà níbẹ̀, mo kí i dáadáa. Pílásítà náà ṣì wà lápá ìyá rẹ dòní, kò jẹ́ kí omi kàn án, ó ń fi í han ẹni tí kò tiẹ̀ béèrè.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra aṣọ, mo fẹ́ rán ẹ̀wù kan fún nọ́ọ̀sì yẹn kí òtútù tó dé. Ìwọ náà, wá àyè lọ gba tìrẹ, torí àyà ìyá rẹ lo gbé wá sáyé. Ká ní wọ́n gbà fún mi ni, apá ọ̀tún mi ì bá ti di tìrẹ, àmọ́ wọn ò gbà, ìwọ fúnra rẹ ni kó o lọ.

Àyà rẹ yóò máa mí geere, ikọ́ kò ní mọ ilé rẹ, ohun tó o bá dáwọ́ lé yóò gún, ojú wa yóò rí ara wa láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀.

Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kò dunni rárá, àmọ́ kó o tètè wá ẹni tí wàá máa wò lójú.