Ìgbòkun Wa Lábẹ́ Òrùlé Gíláàsì

                                        Ilé Akinolúwa,
                                        Ọ̀nà Etí Omi,
                                        Ìgbókọ̀dá,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, 2024.

Kọ́lájọ, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe,

Òkun gbé ilé mi lọ ní Ayétòrò, mo kọ́ òmíràn, ó tún gbé e. Ọkọ̀ dojú dé mọ́ mi lórí. Iná jó ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí mo ní lójú mi kòrókòró. Prámárì mẹ́ta ni mo kà dé tí bàbá mi fi àjẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Síbẹ̀, èmi Akinolúwa kò tọrọ jẹ. Lónìí, ilé alájà mẹ́ta ń jẹ́ orúkọ mi, àwọn akọ̀wé ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó la gbogbo ìyẹn já, ṣé ooru ni yóò wá dójú tì í?

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Orúnkún tó ń ro ọ́ ńkọ́? Ara Moríkẹ́ aya rẹ ńkọ́? Ṣé ẹja ń wọ àwọ̀n dáadáa ní Molutehin? Àwa náà wà, ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Mo rí ìwé rẹ. O ní nígbà tí ooru ilé mi ti mú kí Rejoice ọmọ rẹ dákú lẹ́nu iṣẹ́, tòun ti oyún nínú, kí ó kẹ́rù máa bọ̀ nílé kí oṣù yìí tó parí. O tún pe ilé mi ní ààrò ìyanja. Mo gbà á, ọ̀rẹ́ ni wá. Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀: ara ọmọ ti yá, ọlẹ̀ sì ń sọ nínú rẹ̀ dáadáa.

Gbọ́ bó ṣe jẹ́. O mọ gbàgede tí a dá sí àárín ilé náà, láti ilẹ̀ títí dókè, tí gbogbo yàrá yí ká, tí a fi gíláàsì bò lórí. Tinúọlá, ọmọbìnrin ará Àkúrẹ́ tó yàwòrán ilé, dá ihò sí abẹ́ gíláàsì yẹn yíká. Ọmọ etí òkun làwọn tó bá mi kan òrùlé, wọ́n mọ bí òjò oníyọ̀ ṣe ń jẹ páànù. Wọ́n ní ará Àkúrẹ́ kò mọ òjò wa, wọ́n bá mi dí ihò náà pa. Mo tiẹ̀ ra ọtí fún wọn. Ta ni kò ní rà á? Nígbà tí oòrùn dé, ìsàlẹ̀ tutù, àárín lọ́ wọ́ọ́rọ́, àjà òkè níbi tí Rejoice ń jókòó sí wá gbóná bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ké lásán ni.

Nígbà tí ọmọ dákú, mo ránṣẹ́ pe Tinúọlá. Kò bá mi jà. Ó kó èèpo àgbọn sínú abọ́ irin, ó finá sí i ní ìsàlẹ̀ gbàgede, ó ní ká gbójú sókè. Èéfín gòkè wẹ́rẹ́, ó kan gíláàsì, kò rọ́nà lọ, ó bá yà sí yàrá Rejoice.

Tinúọlá ní, “Bàbá, bí ooru náà ṣe ń rìn nìyẹn. Èéfín kàn jẹ́ kẹ́ ẹ rí i ni.”

Táyé, olórí àwọn káfíńtà, bi í pé òjò ńkọ́. Ọmọbìnrin náà dáhùn pé kí wọ́n to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dagun sójú ihò, afẹ́fẹ́ á jáde, òjò ò ní wọlé. Ó wá ku oòrùn tó ń gba inú gíláàsì wọlé. Wọ́n ń wá aṣọ tó lágbára tí wọn yóò ta sábẹ́ rẹ̀. Ta ló ní in, bí kò ṣe èmi? Mo tú ìgbòkun ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ jáde, èyí tí èmi pẹ̀lú rẹ fi ń la omi lọ sí Èkó nígbà tí a ò tíì mọ ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ká fi nulẹ̀. Ojú tì í.

Nígbà tí wọ́n ṣí ihò, tí wọ́n to pákó, tí wọ́n sì ta ìgbòkun náà tán, wọ́n tún dáná èèpo àgbọn. Èéfín gba abẹ́ ìgbòkun kọjá, ó bá ihò jáde lọ sójú ọ̀run. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Rejoice wọlé tọ̀ mí wá. Mo rò pé ẹjọ́ ló tún fẹ́ rò.

Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi wá òkúta. Afẹ́fẹ́ ń kó ìwé orí tábìlì mi lọ.”

Ọ̀rẹ́ mi, èmi fúnra mi ni mo wá òkúta náà fún un. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ rẹ nínú ilé tí mo fi ń yangàn, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ọ́? Kò tutù bí omi àmù o, àwọn tó wà ní àjà òkè ṣì ń bọ́ kóòtù lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dákú mọ́.

Bá mi kí Moríkẹ́, bá mi kí Ísákì àbúrò rẹ, sọ fún un pé àwọ̀n mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni n ó wa ọkọ̀ wá gbé ọ. Wọ agbádá rẹ tó nípọn jù lọ. Àjà òkè pátápátá, lábẹ́ ìgbòkun wa, ni n ó gbé àga rẹ sí lọ́sàn-án gangan. Bí òógùn bá bọ́ lójú rẹ, èmi ni n ó ru ẹrù Rejoice sínú ọkọ̀. Bí kò bá bọ́, wàá dìde, wàá sọ ọ́ létí gbogbo akọ̀wé pé ilé mi kì í ṣe ààrò.

                                        Èmi tí a jọ fa okùn ìgbòkun kan náà,
                                        Akinolúwa.